Baba Tó Jókòó sí Ìrù Bàálù

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Thamesmead, ní London, gbogbo èèyàn tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù ni mo kí. Wọ́n tó mọ́kànlá. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe máa ń kí ara wa láàárọ̀ ní Iléṣà, "Good morning, ma. Good morning, sir." Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, ọkùnrin kan tó ti mutí yó láti àárọ̀. Obìnrin tó dúró tì mí gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní apá ọ̀tún, ó gbé e sí apá òsì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Auntie Bísí nílé, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wá àga jókòó.

"Wọ́n á rò pé orí ẹ ò pé ni," ó ní. "Níbí, tó o bá ti wọ bọ́ọ̀sì, fèrèsé ni kó o máa wò. Just look outside."

Auntie Bísí kì í ṣe ẹbí mi. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ nílé, òun ló sì gbà mí sílé nígbà tí mo dé. Fúláàtì rẹ̀ wà lókè, níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà láti ilé kan sí èkejì, bíi pé wọn ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn kan ilẹ̀. Atẹ́gùn odò máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà òtútù, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀, mo sáré jáde lọ ká aṣọ.

Tíṣà ni mí nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìtàn. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní Woolwich. Nígbà tó yá, Auntie Bísí mú mi wọ iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn home help: ká máa lọ sílé àwọn arúgbó, ká wẹ̀ fún wọn, ká wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, ká se nǹkan díẹ̀, ká tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, ká tún sáré lọ sílé ẹlòmíì.

Mi ò pète láti purọ́ fún Màámi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é, ilé oníkẹ́míìsì tó ní fóònù ládùúgbò wa ló ti bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń dúró dè mí. Ó ní, "Ṣé o ti ríṣẹ́ tíṣà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ń yin Ọlọ́run. Láti ọjọ́ yẹn ni irọ́ náà ti ń dàgbà. Ó ní kí n dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo bá dárúkọ àwọn arúgbó tí mò ń fọ ẹ̀yìn wọn.

"Dorothy ńkọ́?" Màámi á bèèrè.

"Kò wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí, Màámi. Ìbàdí ń dùn ún."

Èmi àti Auntie Bísí máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọdún kẹta mi ni wọ́n rán mi sí ilé Mr Pettit, lẹ́bàá pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Plumstead Common. Òjò ti pa mí dé orúnkún. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láìtú.

"Obìnrin Ireland yẹn ni mo ní kí wọ́n rán wá," ó ní.

"Ó ti padà sílé, sir."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Kò bọ̀ mọ́, sir."

Ó wo bàtà mi tó ń kán omi. "Nu ẹsẹ̀ ẹ dáadáa kó o tó wọlé."

Èèyàn kúkurú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́, etí rẹ̀ kì í gbọ́ tí èèyàn ò bá gbé ohùn sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn fún ìjọba. Àga rẹ̀ nìkan ló yà mí lẹ́nu. Ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ló kọ ọ́ sí, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé tíì wá láti ẹ̀yìn, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó fò sókè débi pé tíì dà sí àwa méjèèjì lára. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́.

"Dìde," ó ní. "Má kúnlẹ̀ fún mi. Kó o má ṣáà gba ẹ̀yìn wá bá mi mọ́. Sọ̀rọ̀ kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ó pẹ́ kó tó sọ ìdí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́, tí mo bá ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò sì ní láti wo ojú mi. Ní àkókò ogun pẹ̀lú Jámánì, ìrù bàálù ajubọ́ǹbù ló máa ń jókòó sí. Àwọn méje ló máa ń wọ bàálù kan. Àwọn mẹ́fà wà níwájú àti láàárín, ẹnì kan lè na ọwọ́ kan ẹnì kejì. Òun nìkan ló wà ní ìdí pátápátá, nínú ohun kan tó dà bí ìkòkò onígíláàsì, ìbọn mẹ́rin níwájú rẹ̀, ó sì kọjú sẹ́yìn.

"Àwọn yòókù ń wo ibi tí à ń lọ," ó ní. "Ibi tí a ti ń bọ̀ lèmi ń wò. Mi ò rí ìlú kan tí a lọ jù bọ́ǹbù sí àfi tí a bá ti kọjá rẹ̀, tó sì ti ń jó."

Ibẹ̀ há débi pé kò gba òun àti páráṣúùtù tó máa fi fò sílẹ̀ bí bàálù bá gbiná, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń gbé e kọ́. Ó ní òtútù ibẹ̀ máa ń sọ èémí di yìnyín lójú ẹni. Wọ́n yọ apá kan gíláàsì iwájú rẹ̀ kúrò, nítorí ìdọ̀tí kékeré lára gíláàsì lè jọ bàálù ọ̀tá lójú ẹni tó ti rẹ̀. Atẹ́gùn á wá máa fẹ́ sí i lójú fún wákàtí mẹ́jọ. Kò gbọdọ̀ sùn. Okùn tó gbé ohùn àwọn yòókù wá sí etí rẹ̀ nìkan ló fi mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà láyé.

Mo bi í ní ìbéèrè tí olùkọ́ ìtàn máa ń bèèrè. "Ẹ já bàálù ọ̀tá mélòó lulẹ̀, sir?"

Ó wo ìta. "Méjì," ó ní.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Maureen, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún mi. Welling ló ń gbé, ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Common ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń wá ní gbogbo Wednesday àti Sunday. Ó mú fọ́tò bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. "Méjì," ó ní. "Dad tèmi yìí." Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀. Kì í ṣe ti ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn nìkan, ìyẹn ń lọ tí èèyàn bá sùn. Àárẹ̀ kí o máa pe orúkọ ara rẹ létí ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mẹta, kí o tó gbà pé bí ó ṣe pè é náà ti dára. Àárẹ̀ kí ọkọ̀ kọjá lójú títì, kí ẹnì kan yọ orí, kí ó ní kí o padà síbi tí o ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn tí o kò lè ṣe. Ìwé tí mo fi tọrọ àyè láti máa gbé níbí wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, mi ò lè wọlé mọ́. Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láìsí èmi níbẹ̀. Màámi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó ní kí n má sunkún níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo kúrò nínú àpótí fóònù, mo lọ wẹ̀ fún Dorothy.

Lọ́jọ́ Sunday, nínú gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń yá lò, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń wọ aṣọ funfun, ó sì máa ń tó wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún mi pé kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo máa ń wò ó pé bóyá ohun tí ilé jẹ́ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Monday á dé.

Láàárín ọdún mẹ́rin, èmi àti Mr Pettit mọ́ ara wa lára, bí àwọn méjì tó jọ ń dúró de ọkọ̀ kan ṣe máa ń mọ́ra. Mo máa ń ké "Èmi nìyí o, sir" láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó máa ń ní, "Mo rí ẹ," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló kọ sí mi.

Ní ọdún tó pé àádọ́ta ọdún tí ogun náà parí, ilé ẹ̀kọ́ tí Maureen ti ń ṣiṣẹ́ ní kí bàbá rẹ̀ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Maureen ti gbà kó tó bi í. Àwọn ọmọ ti ya bàálù sórí ìwé, wọ́n sì kọ 2 sára ìrù rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá a tí kò fá irùngbọ̀n.

"Jókòó," ó ní. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. "Kò sí méjì. Kò sí ọ̀kan pàápàá."

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ó ní Maureen jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó bi òun ní ìbéèrè yẹn. Bàbá wo ló máa sọ fún ọmọ ọdún méje pé òun ò já nǹkan kan lulẹ̀? Ó ní ìbọn òun kéré sí tàwọn ọ̀tá, ọta tiwọn ń dé ibi tí tòun ò lè dé. Kí òun tó rí wọn, wọ́n ti rí òun. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba abẹ́ wá, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méje ò lójú sí. Ó ní àwọn kan wà nígbà náà tó ń sọ pé ì bá sàn kí wọ́n yọ ìbọn àti oníbọn kúrò, kí bàálù lè fúyẹ́, kó lè sáré, kí àwọn tó máa kú lè dín.

"Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Bóyá ẹrù lásán ni mí."

"Kí wá ni iṣẹ́ yín gan-an, sir?"

"Kí n máa wò. Tí mo bá rí ọ̀tá, kí n sọ fún páílọ́ọ̀tù ibi tó máa ju bàálù sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wá sọ ti òru ọjọ́ kan fún mi. Ó rí ohun dúdú kan lẹ́yìn wọn, kò ní iná. Bí òun bá yìnbọn, iná ìbọn á fi ibi tí wọ́n wà han ọ̀tá. Kò yìn ín. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sétí páílọ́ọ̀tù, "Òsì, nísinsìnyí." Bàálù jábọ́ sí apá òsì bí òkúta. Nígbà tí bàálù wọn máa fi padà bọ̀ sípò, ọ̀tá ti fi wọ́n sílẹ̀, ó ti kọjú sí bàálù mìíràn tó wà nítòsí wọn.

"Mo wò ó títí," ó ní. "Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò. Méje ni wọ́n. Mo ka àwọn tí páráṣúùtù wọn ṣí. Méjì ni."

Ibẹ̀ ni méjì yẹn ti wá. Mi ò bi í bóyá òun náà mọ̀.

"Kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yẹn?" ó bi mí.

Irọ́ tèmi ni mo sọ fún un. Mo ní, "Sir, ìyá mi rò pé tíṣà ni mí níbí. Ó rò pé ọmọ kíláàsì mi lẹ jẹ́."

Ó yí orí sí mi. "Báwo ni mo ṣe ń ṣe sí?"

"Ẹ lọ́pọlọ, sir, ṣùgbọ́n inú yín máa ń tètè bí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ gbé abẹ ìfárùngbọ̀n wá.

Èmi ni mo ti àga onítáyà rẹ̀ gba etí Common lọ́jọ́ náà. Atẹ́gùn ń fẹ́. Maureen wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin tiwa kan tí wọ́n fi òwú di irun rẹ̀. Tíṣà wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọmọ kan fi nawọ́ sókè. "Mélòó lẹ já lulẹ̀?"

"Kò sí," Mr Pettit ní.

Maureen dúró ti ògiri. Mi ò lè wò ó.

"Mo máa ń sọ pé méjì ni," ó ní. "Kì í ṣe òótọ́."

Ọmọbìnrin olówùú yẹn bi í, "Kí ni wọ́n wá ń fi yín ṣe?"

"Wọ́n nílò ẹni tó máa wo ẹ̀yìn."

Ó sọ fún wọn pé ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n lọ, ọgbọ̀n ìgbà ni àwọn méjèèje padà. Ó sọ ti bàálù kejì náà, ó fi ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè gbọ́ sọ ọ́. Ọmọ kan wá bèèrè bó ṣe máa ń tọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún wọn.

Maureen ló ti àga náà padà. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ti bi mí, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ma."

"Mo bá ọmọ kan jà ní school nítorí méjì yẹn," ó ní. "Mo fa irun rẹ̀ tu." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Kò wá ní Sunday. Kò wá ní Wednesday. Mr Pettit ò jẹun gidi, ó ń pa oúnjẹ tì sí etí àwo. Kò bú mi, èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ní Wednesday kejì, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn. Maureen gbé ẹja díndín àti chips wọlé, ó pọ́n wọn nínú bébà, ọ̀nà mẹ́ta. Ó fún mi ní tèmi. Ó wá fa àga kan lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ jẹ tèmi ní kíṣìnì. Mo gbọ́ tó ń bi í, "Bàálù kejì yẹn, Dad. Ṣé o mọ orúkọ wọn?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ka méjèèje fún un.

Ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, láàárín ilé arúgbó kan sí èkejì, mo wọ àpótí fóònù kan ní Woolwich. Lákòókò yẹn, oníkẹ́míìsì ti fa okùn fóònù wọ yàrá Màámi.

"Màámi, èmi kì í ṣe tíṣà níbí. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ fún wọn."

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Tíṣà wo ló máa ń ráyè pe ìyá rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ọdún mélòó ni mo fi gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ sí school, tí mò ń dúró lábẹ́ igi títí o fi máa jáde? Ọmọ ilé ìwé wo ni ìbàdí sì ń dùn fún ọdún márùn-ún?"

Èèyàn kan ń kan gíláàsì níta, ó fẹ́ lo fóònù.

"Ẹ ò sọ fún mi, Màámi."

"Ó jọ pé ó ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ kí n má mọ̀ ni." Ó wá bèèrè, "Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ yẹn, ṣé wọ́n ń jẹun?"

Mo ní wọ́n ń jẹun.

"Dorothy yẹn, máa fi omi gbígbóná jó ìbàdí rẹ̀. Kó gbóná dáadáa."

Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́tà ìjọba dé. Mo lè lọ, mo sì lè padà. Mo kà á fún Mr Pettit sókè.

"Ta ló máa gé èékánná mi?" ó bi mí.

"Maureen, sir."

"Ọwọ́ rẹ̀ le jù," ó ní. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ rí ìyá ẹ."

Àìsàn àyà mú Mr Pettit kí n tó lọ. Ó kú sí ọsibítù ní ọ̀sán, Maureen di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Maureen ní kí n jókòó sí ìlà iwájú, láàárín ẹbí. Auntie Bísí jókòó lẹ́yìn, ó ń fi ojú bi mí bóyá mo mọ ibi tí mo wà.

A padà sílé Mr Pettit. Láìronú, mo lọ sí kíṣìnì, mo po tíì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún àwọn àlejò. Baba gíga kan wà nínú wọn tó ń fi ọ̀pá rìn, kò dá ojú mi mọ̀, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ mi mọ̀ nínú lẹ́tà tí Mr Pettit ń kọ sí i. Òun ni páílọ́ọ̀tù wọn.

"Tí a bá ti gbéra, mi ò ní rí i mọ́ títí a ó fi balẹ̀," ó ní. "Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ní. Tó bá ní òsì, òsì ni mo máa jù ú sí, mi ò ní bi í pé kí ló dé. Kò sáyè ìbéèrè." Ó mu tíì díẹ̀. "Mo lọ́mọ mẹ́ta."

Mo ní, "Ó sọ fún mi pé bóyá ẹrù lásán lòun."

Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Ẹrù," ó ní, bíi pé ó ń tọ́ ọ wò. "Mo máa ń pè é lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Tó bá pẹ́ kó tó dáhùn, àwa mẹ́fà ò ní mí." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Kí n tó dáhùn, Maureen ti gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ mi. "Jókòó," ó ní. "O ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí."

Mo jókòó. Mo ní, "Tíṣà ni mí ní Iléṣà. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí." Mi ò tíì sọ méjèèjì pọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Kí lo kọ́ wọn?"

"Ìtàn, sir."

"Ibo ni Iléṣà wà?"

Mo sún ife àti bisikíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ìka ya Nàìjíríà sórí aṣọ tábìlì, mo fi ṣóńṣó ìka tọ́ka sí ibi tí ìlú wa wà. Páílọ́ọ̀tù náà wọ jígí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀.